Ta Ló Rí I? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Irọ́ Orí Fóònù

Òkun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì forí lé: irọ́ tó ń gba orí fóònù wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ogún àti ọ̀rọ̀ onílé pẹ̀lú ayálégbé, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, yàrá ìròyìn rédíò ní Lọ́kọ́ja ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Kàbà. Olóòtú tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í wò ó bóyá ìròyìn dùn. Bó o bá gbé bébà síwájú rẹ̀, gbólóhùn kan ló máa sọ: "Ta ló rí i?" Tó o bá fi "wọ́n ní" dá a lóhùn, á ti bébà rẹ padà sí ọ lọ́wọ́, á máa mu tíì rẹ̀ lọ. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi dá ọ̀pọ̀ yín lóhùn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣu ni mo ń tà, Ìyàrà ni mo wà. Lọ́jọ́ tí mo ti háyà ọkọ̀ tán láti kó iṣu lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ohùn kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp. Obìnrin kan ló ń sunkún nínú rẹ̀, ó ní àwọn ajínigbé ti dí ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà, kí ẹnikẹ́ni má kọjá lónìí. Mi ò lọ. Dírẹ́bà kọ̀, kò dá àsansílẹ̀ mi padà. Nígbà tó dalẹ́ la gbọ́ pé ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, nǹkan kan ò ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi yìí jáde yunifásítì. Kí ló dé tí àwọn tó kàwé náà fi ń gba irú nǹkan báyìí gbọ́?*
— Oníṣu, Ìyàrà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Owó tó lọ, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n yín jù, torí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé òpè ló ń gba irọ́ gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dá ẹ̀rù tuntun sílẹ̀, èyí tó ti wà lára wa tẹ́lẹ̀ ló máa ń gùn. Ọ̀nà tí obìnrin yẹn dárúkọ, ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé wọ́n ti jí èèyàn gbé níbẹ̀ rí? Ní alẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, níbí ní Kàbà, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n tó bá ibẹ̀ sá lọ lé ní 200. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Yunifásítì ò lè mú ìyẹn kúrò lára èèyàn. Kódà, ẹni tó kàwé a tún máa rí àlàyé tó já gaara ṣe fún irọ́ tó ti gbà gbọ́, á fi yí àwọn tó kù lọ́kàn padà.

Ẹ̀rù nìkan kọ́, ṣá. Ohun tí iṣẹ́ ìròyìn kọ́ mi ni pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìròyìn gbọ́. Ẹni tó mú un wá la máa ń gbà gbọ́. Ká ní àjèjì ló fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí yín ni, ẹ̀ bá ti bi í pé, "Ìwọ ta ni? Ibo lo wà?" Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹni tí kò lè fẹ́ kí ibi bá yín. Òun náà, ẹ bi í léèrè: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbà á, kí ìyẹn sì ti gbà á lọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá. Oníkálùkù fi orúkọ rere tirẹ̀ kún un. Kò sẹ́ni tó fi ojú tirẹ̀ kún un.

Ẹ rántí iyọ̀ Ebola. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni, lẹ́yìn tí Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó lóṣù keje. Òru mọ́jú ni ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan, pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ká sì mu nínú rẹ̀. Ìbátan mi kan pè mí láti Ògìdì láfẹ̀mọ́jú, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ṣé o ti wẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ta ni kò ní dìde? Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ń pè ọ́. Ó kéré tán, èèyàn 2 ló kú ní Jọ́ọ̀sì nídìí omi iyọ̀ yẹn, nǹkan bí 20 sì di èrò ilé ìwòsàn. Ebola fúnra rẹ̀ kò dé Jọ́ọ̀sì rárá. Ìfẹ́ ló gbé irọ́ yẹn rìn láti ilé dé ilé, kì í ṣe ìkà, ìdí sì nìyẹn tí n kì í fi pe àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ní òmùgọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ ohùn yẹn dáadáa, níwọ̀n bẹ́ ẹ ti fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yín. Obìnrin náà sunkún, ó ké pe Jésù, ó ní "lónìí", ó ní "báyìí báyìí". Kò dárúkọ ọjọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òní ni yóò máa jẹ́ nínú gbogbo fóònù tó bá dé, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Kò dárúkọ abúlé kankan lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sá bọ̀ á mọ ibi tó kù díẹ̀ kó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kò sọ ọkọ̀ tó wọ̀. Lábẹ́ ẹkún rẹ̀, ọkọ̀ ńlá ń fun fèrè, àmọ́ bẹ́ ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ ẹnìkan tó ń polówó búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti gbogbo ọjọ́. Ibi tí ajínigbé bá wà, ta ló ń ta búrẹ́dì?

Ẹ wo òkè ohùn náà pẹ̀lú. Ọfà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ìyẹn ni pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún kọjá, ó kéré tán, kó tó kàn yín. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni WhatsApp ti dín in kù fún gbogbo ayé pé èèyàn ò lè fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ránṣẹ́ sí ju ibi 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, wọ́n ní èyí tó bá ti ní ọfà méjì, ibi kan ṣoṣo ni kó máa lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dín eré rẹ̀ kù, kò dá a dúró.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo fẹ́ràn òwe yẹn, àmọ́ àwọn tó pa á kò rí fóònù. Àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral, tọpa nǹkan bí ìtàn 126,000 tó tàn ká lórí Twitter láti ọdún 2006 sí 2017. Lọ́dún 2018 ni wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde: kí òtítọ́ tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn 1,500, àkókò tó ń gbà tó ìlọ́po 6 èyí tí irọ́ ń gbà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá rọ́bọ́ọ̀tì ló ń gbé irọ́ sáré. Wọ́n rí i pé àwa èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, torí irọ́ máa ń jẹ́ tuntun létí, ó sì máa ń yani lẹ́nu. Pé ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ ní ọ̀nà Ọbájánà, ta ló máa fi dátà rẹ̀ rán ìyẹn?

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pe gáréèjì. Dírẹ́bà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò láti Lọ́kọ́ja ju ẹgbẹ̀rún ohùn lọ, torí ojú rẹ̀ ló fi rí ọ̀nà. Bí ẹ ò bá rí ẹni tó rí i, tí ọkàn yín ò sì balẹ̀, ẹ jókòó sílé, iṣu á dúró, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Mi ò ní bá yín jà sí ìyẹn. Àmọ́ kí èèyàn jókòó sílé tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kó wá da ohun tí kò dá a lójú sínú gúrúùpù mẹ́rin, ọ̀tọ̀ ni. Ní ti owó dírẹ́bà, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà gáréèjì dá sí i. Lójú tèmi, ó yẹ kó dá ìlàjì padà, torí kò jó epo kankan.

*Ẹ̀gbọ́n, bàbá wa kan níbí ní Ẹ̀gbẹ̀ ṣì ń jà pé ọdún 2017 ni Buhari ti kú, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jibril ló parí ìjọba náà. Irọ́ tó tóbi tó báyìí, báwo ló ṣe wọ orí àgbà?*
— Ọmọ Yàgbà

Àìsọ̀rọ̀ ìjọba ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Lọ́dún 2017, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, Buhari lo ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò sì sọ àìsàn tó ń ṣe é fún aráàlú. Ibi tí ẹni tó mọ̀ bá ti pa ẹnu mọ́, ẹni tí kò mọ̀ á gba ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ máa fi dáhùn ní Poland, pé òun gan-an ni, ó ti di oṣù kejìlá ọdún 2018, irọ́ náà ti hu irùngbọ̀n. Oṣù keje ọdún 2025 ni ọkùnrin náà tó kú. Ẹ má bá bàbá yín jiyàn mọ́, ẹ kàn rọra bi wọ́n pé, Jibril ńkọ́ báyìí?

*Mo ní oko kajú ní Ìyàmoyè. Nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́dún yìí, ìwé kan tó ní àmì ìjọba àpapọ̀ lórí wọ gúrúùpù àwa àgbẹ̀, pé Ààrẹ ti fòfin de kíkó kajú lọ sókè òkun. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn kan gbé ọkọ̀ wá, wọ́n ní àwọn á ṣàánú wa, wọ́n sì rà á ní nǹkan bí ìdajì iye tí à ń tà á. Ìgbà tó yá la mọ̀ pé kò sí òfin kankan. Àmọ́ ẹnìkan nínú wa ṣì ń búra pé òun gbọ́ ọ lórí rédíò. Báwo ló ṣe jẹ́?*
— Àgbẹ̀ kajú, Ìjùmú

Ẹni tó ṣe é fún yín gbọ́n, ọgbọ́n burúkú ni. Orí òtítọ́ ló kọ́lé sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin oṣù mẹ́fà pé kí wọ́n yé kó èso òrí tútù lọ sókè òkun, kí wọ́n lè máa fún òrí náà nílé. Èso òrí ni, kì í ṣe kajú. Ẹni tó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò kò purọ́. Ohun tó jọ ọ́ ló gbọ́. Nígbà tí ìwé yẹn wá dé, ó bá ibi tí yóò jókòó sí nínú orí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni orí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Lọ́dún 1977 l'Amẹ́ríkà, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Hasher, Goldstein àti Toppino, ka àwọn gbólóhùn kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òótọ́ àti irọ́ pọ̀ mọ́ra, wọ́n ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n rò pé ó jóòótọ́. Wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì míì. Èyí tí àwọn ọmọ náà ti gbọ́ rí, ṣe ni ó túbọ̀ ń dà bí òótọ́ sí wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá tún gbọ́ ọ. Kò sí ẹ̀rí tuntun o. Etí ti mọ̀ ọ́n, ó parí. Gúrúùpù mẹ́ta tí ohun kan náà ti wọlé sí yín, ó máa ń ṣe èèyàn bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ló kọ ọ́.

Mo wo ìwé tí ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Àmì ẹyẹ idì àti ẹṣin wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ bíi pé láti ara ìwé míì ni wọ́n ti gé e. Kò ní nọ́mbà fáìlì. "Ọ̀gá Àgbà" ló fọwọ́ sí i, ọ̀gá tí kò lórúkọ. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, mo yẹ kàlẹ́ńdà wò: ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ bá mi wá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Àìkú.

Mi ò lè sọ pé àwọn tó ra kajú yín ló kọ ọ́, torí mi ò rí wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn bá ní kẹ́ ẹ tètè tà tàbí kẹ́ ẹ tètè rà, ẹ wo ẹni tó ti gbé àpò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Owó ni ìdí ọ̀pọ̀ irọ́ yìí. Lọ́dún 2016, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Veles ní Macedonia ń kọ ìtàn èké nípa ìdìbò Amẹ́ríkà torí owó ìpolówó ọjà tó ń wọlé fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò kàn wọ́n bóyá Trump wọlé tàbí kò wọlé. Ẹ̀yin náà, ẹ yan ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín tí yóò máa pe oníkajú ní ìlú míì lọ́jọ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún yọjú. Kẹ́nikẹ́ni má ta nǹkan kan kí ó tó jábọ̀.

*Màmá, ìyàwó ilé ni mí ní Mọ̀pà. Bàbá ọkọ mi ló ń kọ́kọ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí láràárọ̀: àgbo tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, fọ́nrán àwọn tí wọ́n ń pa lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ṣá. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Dádì, irọ́ ni èyí o." Ọkọ mi bínú. Bàbá ò dá ìkíni mi lóhùn dáadáa láti ìgbà náà. Ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni?*
— Ìyàwó ilé, Mọ̀pà

Ọmọ mi, ohun tí o sọ tọ́, ibi tí o ti sọ ọ́ ni kò tọ́. Gúrúùpù ẹbí, àárín ìta gbangba ni. Ìyàwó kì í dìde láàárín ìta kó sọ fún bàbá ọkọ pé irọ́ lẹ pa, bó ti wù kí ó fi "o" tẹ́ ẹ lẹ́yìn tó. Lọ́kàn Bàbá, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fọ́nrán, ó ti di ọ̀rọ̀ iyì. Ẹni tó bá ń gbèjà iyì rẹ̀ kò ní gbọ́ ẹ̀rí.

Lọ kí wọn nílé. Bó bá jìnnà, pè wọ́n, má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ sọ̀rọ̀ oko, kó o tó ní, "Dádì, fọ́nrán tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù. Ẹ bá mi wò ó, ibo nìyí?" Kí ẹ wá jọ wò ó. Èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n ní ọ̀nà Ìsánlú ni, ojú ọ̀nà kún fún ọkọ̀, apá òsì ni gbogbo wọn ń gbà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, Bàbá á sì rántí ọdún náà jù ẹ́ lọ. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ohun tí èèyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí, kì í bá ọmọdé jà lórí rẹ̀.

Àwọn olùṣèwádìí kan, Gordon Pennycook, David Rand àti àwọn akẹgbẹ́ wọn, dán nǹkan tó jọ èyí wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2021. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó lé ní 5,000 lórí Twitter, wọ́n bi wọ́n léèrè pé àkọlé ìròyìn kan báyìí, ṣé ẹ rò pé ó jóòótọ́? Wọn ò bá wọn wí, wọn ò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn tí àwọn èèyàn náà ń fi ránṣẹ́ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ òótọ́; ọwọ́ wọn kàn ń yá ju ọkàn wọn lọ.

Ohun kan ṣì kù tí ó dára kó o ṣe. Nígbà tí o bá rí ìròyìn tó dájú, má gbé e sí gúrúùpù fúnra rẹ. Fi ránṣẹ́ sí Bàbá nìkan, kó o ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún ẹbí." Wọ́n fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ wá, kí ló burú níbẹ̀? Bàbá àgbà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nílé wa kí fóònù tó dé. Jẹ́ kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kó o máa bá wọn wá ọjà tó dáa.

Àgbo ìtọ̀ ṣúgà nìkan ni mi ò ní kó o fi falẹ̀. Bẹ́nikẹ́ni nínú ẹbí yín bá ń lo oògùn dókítà, pe onítọ̀hún lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà fi oògùn sílẹ̀ nítorí ewé. Nídìí ìyẹn, bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú.

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti tẹ BVN àti nọ́mbà káàdì ATM mi sínú ìkànnì kan tó ní ìjọba ń pín owó ìrànwọ́. Kí ni kí n ṣe?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà

Gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ ná, pe báńkì rẹ. Nọ́mbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ ni kó o pè, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìkànnì yẹn. Ní kí wọ́n ti káàdì náà pa, kó o yí nọ́mbà àṣírí rẹ padà, kó o sì dé ẹ̀ka báńkì náà fúnra rẹ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ láàárín àkókò yìí pé kó o ka nọ́mbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ fún òun, gbé e sílẹ̀ mọ́ ọn lórí. Irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ pé kó o kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí owó tó wọlé. Bí o bá ti ṣe é, ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o pè wọ́n lónìí, bí o bá ti bá báńkì sọ̀rọ̀ tán.